Aṣọ tí Màmá Mínà Jókòó Lé

Nígbà tí Àbẹ̀ní wọlé ní ìrọ̀lẹ́ àná, bóyá ẹ rí i bí mo ṣe ń wò ó, bóyá ẹ ò rí i. Ọkọ̀ Àbújá ló já a sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé Bódìjà níbí, ó sì dé ẹnu ọ̀nà mi pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó ti rún wómúwómú bí ewé tí ewúrẹ́ jẹ tì. Ó fa ìnujú olómi kan yọ nínú ọ̀rá, ó fi nu ọrùn, ó fi nu abíyá, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, ó ní, "Màmá, ebi ń pa mí o." Ìwẹ̀ parí. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi yòókù dì mọ́ ọn, kò sí ẹni tó rí nǹkan kan sí i. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò bínú, ayé yín lẹ̀ ń jẹ. Àmọ́ òórùn tó jáde nínú ìnujú kékeré yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ó gbé mi lọ sí ìdí rélùweè Lálúpọn, níbi tí odindi ọkọ̀ ti máa ń ta sánsán lẹ́ẹ̀kan náà fún ọṣẹ àti pọ́dà.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọyẹ́ kì í jẹ́ kí ohùn àgbà rìn jìnnà. Ìrìnàjò tiyín, ẹ ó jókòó, ẹ ó sùn, ẹ ó jí, ẹ ti débẹ̀. Ìrìnàjò tiwa dà bí ilé tí a yá gbé. Inú rẹ̀ la ti ń jí, tí à ń rin pákò, tí à ń wẹ̀, tí à ń jẹun, tí à ń bá aládùúgbò jà, tí à ń parí ìjà, tí ilẹ̀ á tún ṣú mọ́ wa lórí. Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń gbé inú ilé yẹn ní mímọ́, ìtìjú ló máa bá a sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi, Mínà lókè Ọya ni wọ́n ti bí mi. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. A ní ìjọ Onítẹ̀bọmi tiwa, a ní àdúgbò tiwa, a sì ní oṣù tiwa, oṣù Kérésì, tí gbogbo wa máa ń rọ́ wọnú rélùweè lọ sílé. Ẹ ò tíì gbọ́ ariwo. Adìẹ ń ké nínú agbọ̀n, ọmọ ọwọ́ ń ké lẹ́yìn ìyá, àwọn akọrin ìjọ ń fi orin Kérésì bá ẹsẹ̀ rélùweè rìn. Ẹsẹ̀ rélùweè náà a máa sọ̀rọ̀ lórí irin. Ìyá mi ní ohun tó ń sọ ni pé: rọra, rọra, ilé ò lọ, rọra, rọra, ilé ò lọ. Títí di òní, bí oorun bá fẹ́ gbé mi, ohun tí mo máa ń gbọ́ nìyẹn, ọkàn mi á sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Èédú ni ọkọ̀ náà ń jẹ. Èéfín rẹ̀ a máa gba ojú fèrèsé wọlé, a bà lé wa lójú, a wọ̀ wá nímú, a bọ́ sórí oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí olúkúlùkù fi ní aṣọ méjì, aṣọ ọ̀nà àti aṣọ ìdélé. Aṣọ ọ̀nà ni àdìrẹ tó ti gbó, tí aró rẹ̀ dúdú kirikiri. Ohun tí èéfín bá ṣe sí i, àárín àwọn méjèèjì ló wà. Aṣọ ìdélé ni èyí tí ará ilé máa rí. Kò gbọdọ̀ rún, èéfín kò sì gbọdọ̀ kàn án. Níbo lẹ fẹ́ ti rí áyọ́ọ̀nù nínú rélùweè? Ohun tí àwọn ìyá wa máa ń ṣe ni pé wọ́n á ká aṣọ náà ní ìlọ́po, wọ́n á kì í bọnú àpò ìrọ̀rí tó mọ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ìjókòó, ẹni tó bá sanra jù nínú ẹbí á sì jókòó lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Ooru ara ènìyàn ń lọ aṣọ. Bí ẹ bá fà á yọ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ìlà rẹ̀ á dúró ṣánṣán. Nílé wa, àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ kì í níyì lọ́jọ́ ìrìnàjò.

Ìwẹ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. A ní èyí tí à ń pè ní ìwẹ̀ abẹ́ ìró: obìnrin á so ìró mọ́ àyà, á ki aṣọ ìnura tútù bọ abẹ́ rẹ̀, á wẹ gbogbo ara níbi tó jókòó sí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì ní rí ju pé èjìká ń mì lọ. Ní Jẹ̀bà, bí ọkọ̀ bá ti gun afárá odò Ọya, gbogbo wa á dákẹ́, nítorí omi náà tóbi ju ọ̀rọ̀ lọ. Bó bá ti dúró báyìí, àwọn Mùsùlùmí á kó búta wọn bọ́ sílẹ̀, wọ́n á ṣe àlùwàlá, wọ́n á padà wọlé pẹ̀lú ojú tó ń dán, àwa ọmọ Onítẹ̀bọmi á máa jowú wọn, nítorí ẹsìn wọn ti bá wọn ṣètò ìwẹ̀. Bàbá kan wà tó ní òun fẹ́ fá irùngbọ̀n kí òun tó délé. Ó bu omi sínú ife tíì, ó gbé dígí lé orúnkún, ó ti fá apá kan tán nígbà tí rélùweè fì í sọnù, tí ife àti abẹ gba ojú fèrèsé lọ. Bó ṣe dé Ìlọrin nìyẹn, apá kan jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, apá kan jẹ́ bàbá arúgbó. Ìyàwó rẹ̀ tó wá pàdé rẹ̀ ní òun ò mọ èwo ni kí òun kọ́kọ́ kí.

Lónìí, bí mo bá gba Ṣálẹ́ńjì kọjá, mo máa ń rí àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi sùn. Rélùweè tuntun náà wà ní Mọníyà, wọ́n ní inú rẹ̀ tutù, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, kò sì sí ẹni tí èéfín ń bà lé. Ó dára. Ẹni tó bá mọ èéfín kò ní gbàdúrà kó padà wá. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i pé nígbà tí ọ̀nà bá ti rọrùn, ènìyàn a máa gbàgbé pé ẹnìkan wà níbi tó ń lọ tó ń wo ọ̀nà fún un. Nígbà tiwa, ojú ẹni tó ń dúró dè wá là ń wẹ̀ sí. Èmi mọ ojú tí mo wẹ̀ sí.

Mínà ni mo ti pàdé bàbá yín àgbà. Akọ̀wé ni wọ́n nígbà náà, ìjọ wa ni wọ́n ti ń jọ́sìn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wo ènìyàn, ènìyàn á gbàgbé ohun tó fẹ́ rà lọ́jà. Mo fẹ́ràn wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tó yá, ibi iṣẹ́ wọn dá wọn padà sí Dùgbẹ̀, wọ́n sì ní ìyá àwọn gbọ́dọ̀ rí mi kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìgbéyàwó. Òkè Àdó ni ìyá náà ń gbé. Opó ni, aránṣọ ni, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló bí. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìyá Òkè Àdó pé ìdọ̀tí kì í dé ibi tí wọ́n bá wà. Wọ́n ti ní ọmọ ará ìjọ wọn kan lọ́kàn fún ọmọ wọn, wọ́n sì ti sọ pé àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n tọ́ sílẹ̀ Haúsá, eruku ni pọ́dà wọn. Bàbá yín kò fi èyí pamọ́ fún mi. Wọ́n ní bí ìyá àwọn bá sọ pé rárá, àwọn ò ní lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. N kò bínú sí wọn, nítorí ọmọ opó kan ṣoṣo kì í ní ẹnu méjì.

Ìyá mi mú gínì aláwọ̀ sánmà kan jáde nínú àpótí, wọ́n fi rán ìró àti bùbá fún mi. Wọ́n ní, "Ìrínisí ni ìsọni lọ́jọ̀. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ ní Dùgbẹ̀ pẹ̀lú èéfín lójú, kò sí ẹni tó máa dúró gbọ́ bí ohùn rẹ ṣe dùn tó." Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló mú mi lọ, ẹni tí gbogbo ẹbí ń pè ní Màmá Mínà. Màmá Mínà gbòòrò, wọ́n fara balẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè lọ aṣọ jù wọ́n lọ. Àtìgbà tí a ti wọlé ni wọ́n ti jókòó lé gínì mi. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde lọ sẹ́yìn, èmi ni mo máa bọ́ sí ipò wọn kí aṣọ má baà tutù. Bí oorun bá gbé wọn, orí wọn á yẹ̀ síhìn-ín, á yẹ̀ sọ́hùn-ún, ìdí wọn kì í yẹ̀.

Lálúpọn ni ìdúró tó gbẹ̀yìn kí a tó dé Ìbàdàn, ibẹ̀ sì ni ìmúra wà. Irin kan ṣoṣo ló wà nígbà náà. Ọkọ̀ tó ń lọ àti ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní láti yà fún ara wọn níbẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ wa máa ń dúró títí. Àwọn obìnrin ìlú ti mọ èyí. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ balùwẹ̀ kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, wọ́n gbé omi kaná, wọ́n ní ọṣẹ dúdú, wọ́n ní kànìnkànìn tuntun, wọ́n tilẹ̀ ní dígí tí wọ́n so mọ́ ara igi. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, wéré, gbogbo ènìyàn á bọ́ sílẹ̀. Ẹ ó máa gbọ́ omi tó ń dà, ẹ ó máa gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ lára ọmọ tó kọ̀ láti wẹ̀, èéfín igi á dà pọ̀ mọ́ òórùn ọṣẹ, ooru omi á rọra máa gòkè láàárín àwọn ọ̀pẹ. Bí a bá tún wọnú ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ ìdélé lára, a kì í mọ ara wa mọ́ títí tí ẹnìkan á fi sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tèmi, mo mú ọṣẹ àti aṣọ ìnura, mo bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọ̀nà. Màmá Mínà ní àwọn ò ní dìde, pé bí mo bá wẹ̀ tán kí n padà wá, àwọn á fa gínì yọ fún mi ní gbígbóná. Mo wọ balùwẹ̀. Mo fẹ́ mọ́ ju bí mo ṣe mọ́ rí lọ. Mo fọ ẹ̀yìn etí, mo fọ abẹ́ èékánná, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Mo gbọ́ fèrè, n kò kà á sí, nítorí fèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ìlọ, ọkọ̀ òdìkejì ni wọ́n máa ń fi kí. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé a ti yà fún ọkọ̀ òdìkejì ní ìdúró tó ṣáájú, nígbà tí oorun gbé mi. Nígbà tí mo fi máa so ìró, tí mo fi máa nu ọṣẹ kúrò lójú, ẹ̀yìn rélùweè ni mo rí. Màmá Mínà yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n ń ju ọwọ́, wọ́n ń sọ ohun tí n kò gbọ́. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, mo rí i pé wọn ò dìde.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, mo sunkún. Kì í ṣe ọkọ̀ ni mò ń sunkún sí. Mò ń rí ìyá kan nínú ọkàn mi, tó dúró ní Dùgbẹ̀, tó ń bi ọmọ rẹ̀ pé ẹni tí kò lè dé ibi tí wọ́n ní kó wá, ṣé irú wọn ló ń tọ́jú ilé? Mò ń rí bàbá yín tí wọ́n tẹrí ba. Ìyá olómi tó bu omi fún mi wá dúró tì mí. Wọ́n ní omi tí ènìyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀, wọ́n ní ibi tí à ń lọ là ń wò, a kì í wo ibi tí a ti ṣubú. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ dé ojú títì, wọ́n sì bá mi bẹ awakọ̀ lọ́rì kan tó ń lọ sí Ìbàdàn. Èédú ló kó. Iwájú ti kún, orí àpò èédú ni mo gùn, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀rù ń bà mí, ojú ń tì mí, síbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, n kò tíì rí ọ̀nà tó lẹ́wà bẹ́ẹ̀ mọ́. Oòrùn ti ń wọ̀, ó pupa bí epo nínú ọyẹ́. Àwọn igi kòkó ń kọjá, wọ́n dákẹ́, eruku ń gòkè lẹ́yìn wa, gbogbo ayé sì rí bí ohun tí ènìyàn ń rí nínú oorun ọ̀sán. Ìwó Róòdù tí ẹ mọ̀ lónìí, igbó àti oko ẹ̀gẹ́ ni. Mò ń gbóòórùn ọṣẹ lára mi lábẹ́ òórùn èédú, díẹ̀díẹ̀ ó ń tán. Mo sọ fún Ọlọ́run pé bí wọ́n bá tilẹ̀ dá mi padà, kí ó jẹ́ kí n rí ojú ọkùnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ. Nígbà tí mo fi máa rí ilé gogoro Dùgbẹ̀ lókèèrè, n kò gbóòórùn ọṣẹ kankan mọ́.

Awakọ̀ já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìdí rélùweè. Gbogbo èrò ti lọ, ibẹ̀ dá wáí. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn òpó kan, mo yọjú. Màmá Mínà ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n jókòó lórí àpótí páànù mi, àpò ìrọ̀rí yẹn lábẹ́ wọn, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún. Bàbá yín wà níbẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn, òógùn bò wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni obìnrin kan dúró sí, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bùbá funfun ló wọ̀, agboòrùn ṣíṣí lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá yín ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí àwọn dé bá Màmá Mínà, ìjókòó ni wọ́n ti kí ìyá àwọn, wọn ò dìde, wọn ò yí ẹsẹ̀ padà. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, kí ènìyàn jókòó kí àna tó dúró. Nígbà tí ìyá Òkè Àdó sì tẹ ojú mọ́ wọn, Màmá Mínà dáhùn pé, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ìdí mi ni áyọ́ọ̀nù ọmọ yìí. Bí mo bá dìde kó tó dé, aṣọ tó fẹ́ fi kí yín á rún." Bàbá yín ní lójú àwọn, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ níbẹ̀ yẹn.

Mò ń wá ibi tí ẹ̀rọ omi wà kí n bu díẹ̀ sójú kí wọ́n tó rí mi. Ibi tí mo ti ń wò yíká ni ojú ìyá Òkè Àdó ti bà lé mi. Kò sí ibi tí mo fẹ́ gbà mọ́. Mo jáde, mo kúnlẹ̀ lókèèrè kí èédú ara mi má baà kan aṣọ funfun wọn, mo kí wọn. Wọ́n rìn yí mi ká bí aránṣọ ṣe ń wo aṣọ tí ẹlòmíràn rán, láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé ta ló kó mi sínú èédú.

"Ìwẹ̀ ni mo lọ wẹ̀ ní Lálúpọn, mà," mo dáhùn. "Mo fẹ́ mọ́ kí ẹ tó rí mi. Ibi tí mo ti ń wẹ̀ ni ọkọ̀ ti fi mí sílẹ̀."

Wọ́n wo Màmá Mínà lórí àpótí, wọ́n tún wò mí. Wọ́n pa agboòrùn dé, wọ́n gbé e fún ọmọ wọn, wọ́n ní kó lọ gbé omi wá. Bàbá yín sáré. N kò rí kí wọ́n sáré bẹ́ẹ̀ mọ́ títí tí wọ́n fi fi ayé sílẹ̀. Nígbà tí omi dé, ìyá Òkè Àdó ní kí n dìde, kí n na ẹsẹ̀ kan síwájú. Wọ́n ká ìró wọn, wọ́n lóṣòó níwájú mi, wọ́n ń da omi sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn fọ èédú náà kúrò, láàárín ọmọ ìka, ní gìgísẹ̀, jẹ́jẹ́. Omi dúdú ń ṣàn lọ lórí sìmẹ́ńtì. Bàbá yín dúró ti agboòrùn, omi ń dà lójú wọn.

Ìgbà yẹn ni Màmá Mínà gbàgbé aṣọ, tí wọ́n dìde.

"Ìyá," wọ́n ní, "ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe yìí? Ìyàwó là ń wẹ̀ lẹ́sẹ̀ báyìí, lọ́jọ́ tó bá ń wọ ilé ọkọ."

Ìyá Òkè Àdó kò gbé orí sókè. Wọ́n rọra gbé ẹsẹ̀ tó ti mọ́ náà sílẹ̀, wọ́n bu omi mìíràn.

"Gbé ẹsẹ̀ kejì wá," ni wọ́n wí fún mi.